Ẹ Dákẹ́, Fíìmù Ń Lọ

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n tún lé mi jáde níbi fíìmù lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. N kò jalè, n kò mutí, n kò na ọmọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Mo la ẹnu tí Ọlọ́run fún mi, mo bá ẹni tó wà lójú fíìmù wí, ẹni yẹn sì yẹ ní bíbá wí.

Ìyàwó mi ló mú mi débẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ òyìnbó ní kẹ́mísírì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà, nínú ìlú kan tó kéré débi pé bí o bá sín ní ìkóríta, ẹni tó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni yóò kí ọ pẹ̀lẹ́. Èmi ní tèmi, ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń di ẹrù tí àwọn èèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sínú páálí. Wákàtí mẹ́wàá lórí ìdúró, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọjọ́bọ̀ wà nínú ọjọ́ ìsinmi mi. Ọjọ́bọ̀ yẹn náà sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn yàn fún fíìmù àgbáyé: ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, tó bá ti di aago méje alẹ́, wọn a gbé fíìmù ilẹ̀ òkèèrè kan síta, ọ̀fẹ́, ará ìlú náà lè wá.

Ọ̀fẹ́ yẹn ló kó bá mi. Ìyàwó mi kì í gbọ́ ọ̀fẹ́ kó má dìde. "Bàbá Tìmí, ẹ wọ bàtà. Ẹ ò lè máa fi ọjọ́ ìsinmi wo àjà ilé."

Kí n tiẹ̀ sọ ti ọ̀fẹ́ ọ̀hún ná. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣètò rẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún mi. Fíìmù tó o fowó ara rẹ rà lọ́jà, o ò gbọdọ̀ kó èrò jọ kó o máa fi hàn wọ́n. Bí olùkọ́ bá fi kọ́ ọmọ nínú kíláàsì, òfin Amẹ́ríkà fàyè gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ti di pé ará ìlú ń wọlé, àfi kí wọ́n lọ sanwó àṣẹ lọ́tọ̀ fún ẹni tó ni fíìmù. Níbo lowó yẹn ti ń wá? Nínú owó fàájì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Tìmí ọmọ wa wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Torí pé ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n yọ̀ǹda owó ẹ̀kọ́ fún un. Wọn ò yọ̀ǹda owó fàájì. Èmi ni mo ń san án. Ẹ wá rí i pé àpò mi ni ọ̀fẹ́ yẹn ti ń jáde, Tìmí fúnra rẹ̀ ò sì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí.

Ibi tí wọ́n ti ń fi fíìmù hàn kì í ṣe sinimá. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ńlá ni, èyí tí àga rẹ̀ ní pátákó kékeré lápá kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ̀wé lé. Pátákó yẹn ò lè dúró lókè, kò sì lè sùn sísàlẹ̀ dáadáa. Ìhà èèyàn ló ń wá kiri. Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ kan dúró pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkànìyàn kékeré lọ́wọ́, bí orí kan bá ti wọlé, á tẹ̀ ẹ́, kẹ́! Iye orí tí wọ́n bá kà ni wọ́n máa gbé tọ àwọn tó ń pín owó lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo lérò pé ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tíì fòfin dè mí pátápátá. Èmi náà jẹ́ orí kan.

Ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan ló ń mú fíìmù tirẹ̀ wá. Àwọn elédè Faransé lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ti Jámánì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á kọ́kọ́ dìde, á fi ogún ìṣẹ́jú sọ ohun tí a máa rí fún wa kí a tó rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á pa iná. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọhùn. Fíìmù á parí, iná á tàn, wọ́n á wá gbé gbohùngbohùn kiri pé ta ló ní nǹkan í sọ. Ẹ gbọ́ mi ní àgbọ́yé: nígbà tí ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, wọ́n ní kí n pa á mọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tutù tán, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ rí sí i?

Fíìmù àkọ́kọ́ tí mo bá pàdé níbẹ̀, orúkọ obìnrin kan ni wọ́n fi pè é, Jeanne Dielman, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé rẹ̀, orúkọ àdúgbò rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ lẹ́tà. Ọmọbìnrin ará Belgium kan, Chantal Akerman, ló ṣe é ní 1975, kò sì ju ẹni ọdún 25 lọ nígbà náà. Wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 21 ni. Ní 2022, ìwé ìròyìn Sight and Sound ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn onímọ̀ fíìmù dìbò, òun ni wọ́n sì mú ṣe ìkíní nínú gbogbo fíìmù tí ọmọ aráyé ti ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ èyí, mo ṣe ara mi dáadáa, mo jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oúnjẹ ọba.

Opó ni Jeanne yìí, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ní Brussels. Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń fọ abọ́. Ó jókòó, ó ń bó ànàmọ́ òyìnbó. Kámẹ́rà ò mira. Kò sí orin. Ó bó ọ̀kan, ó mú òmíràn. Mo bá a bó o. Lọ́jọ́ kejì, ànàmọ́ jinná jù lórí iná, obìnrin yìí wá gbé ìkòkò rẹ̀ dání, ó ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó tiẹ̀ gbé e dé ilé ìwẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ojú àánú ṣe mí. Mo fi ẹnu sí ìyàwó mi létí, mo ní, "Kó kúkú gún un, kó fi bọ́tà sí i." Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ: "Ṣìììì!"

Ó dáa, mo dákẹ́. Ẹni tó ti dúró fún wákàtí mẹ́wàá lánàá tó wá dákẹ́ nínú òkùnkùn, ẹ̀yin náà mọ ohun tó kù. Ìgbà tí mo máa lajú, gbogbo ilé ti gan. Obìnrin yẹn jókòó sídìí tábìlì nínú òkùnkùn, kò mira, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀! Mo ní, "Ìyá Tìmí, ẹ̀jẹ̀ ta ni?" "Ṣìììì!" Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàwó mi alára ló ṣe é. A dé inú mọ́tò kó tó sọ fún mi pé obìnrin náà fi sísọ́ọ̀sì gún ọkùnrin kan pa. Mo fojú ara mi ṣọ́ ànàmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan kan ṣoṣo tó wá ṣẹlẹ̀ nínú wákàtí mẹ́ta ó lé, ojú oorun ni mo wà.

Lọ́sẹ̀ kan báyìí, ó kan àwọn elédè Ítálì. Bicycle Thieves ni wọ́n gbé wá, tí Vittorio De Sica ṣe ní 1948, fíìmù olè kẹ̀kẹ́. Èyí wọ̀ mí lára gan-an. Ọkùnrin tó ṣe bàbá inú rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni lójú ayé, kì í ṣe òṣèré, ó sì hàn léjìká rẹ̀. Ogun ti tán, iṣẹ́ ò sí ní Róòmù. Wọ́n wá fún un níṣẹ́ kí ó máa lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wọ oko ìyáwó. Ìyàwó rẹ̀ ká gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì inú ilé, ó lọ fi dógò kí wọ́n lè rí kẹ̀kẹ́ gbà padà. Ẹni tó gba aṣọ yẹn gbé e lọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí gun pẹpẹ bí ẹni gun ọ̀pẹ, ibẹ̀ la ti rí i pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ẹlòmíràn ti kún pẹpẹ yẹn dókè àjà. Mo mí kanlẹ̀. Ẹni tí kò tíì fi nǹkan dógò rí ò lè mọ bí ibi yẹn ṣe rí.

Ọkùnrin wa wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó gun àkàsọ̀, ó ń fọwọ́ tẹ́ àwòrán Rita Hayworth mọ́ ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí kẹ̀kẹ́. Kò tì í! Mo dìde lórí àga. "Ti kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́lẹ̀! Wẹ̀yìn rẹ!" Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, torí pé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. "Ṣìììì!" Olè gbé kẹ̀kẹ́. Bí olè ti gbé e ni mo rántí pé èmi náà gun kẹ̀kẹ́ wá, torí ìyàwó mi ti gbé mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀, kẹ̀kẹ́ mi sì wà níta, n kò tì í. Mo rọ́ àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀ kọjá, mo sáré jáde. Kẹ̀kẹ́ mi wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó wò ó. Mo yíjú padà, ilẹ̀kùn ti ti ara rẹ̀. Inú lohùn fíìmù wà, ìta lèmi wà. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá wọ́n rí kẹ̀kẹ́ ọkùnrin yẹn.

Ẹ má rò pé mi ò mọ fíìmù òkèèrè tẹ́lẹ̀. Kí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń pè mí ní ṣìì yìí tó dáyé ni mo ti ń wò ó. Ní Ìbàdàn, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fíìmù Íńdíà la fi ń ṣe ọdún. Kò sí ìtumọ̀ kankan nísàlẹ̀. A ò sì nílò rẹ̀, torí Bùọ̀dá Làmídì wà. Bùọ̀dá Làmídì ò gbọ́ èdè Híńdì tó ẹyọ kan, ṣùgbọ́n òun ló ń túmọ̀ fún gbogbo àdúgbò wa, sókè ketekete, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ló túmọ̀ Sholay ti 1975 fún wa. Ó ní ìbejì ni Jai àti Veeru, àwọn akọni inú rẹ̀. Ó ní owó ẹyọ tí Jai máa ń ta sókè, oògùn ni, ońdè ni wọ́n rọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí Jai ṣubú ní òpin, tí àwa ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, Bùọ̀dá Làmídì ní kí a fọkàn balẹ̀, pé ó dákú ni, ó máa jí ní apá kejì. Gbogbo ilé ń pariwo, àwọn kan ń ṣépè fún Gabbar Singh olórí ọlọ́ṣà, àwọn kan ń bá Thakur tí wọ́n gé lápá kẹ́dùn. Fíìmù yẹn ju wákàtí mẹ́ta lọ. Kò sẹ́ni tó sùn.

Lọ́dún tó kọjá, Ọjọ́bọ̀ kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì fi Sholay hàn. Ìtumọ̀ wà nísàlẹ̀, funfun báláú. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. Owó ẹyọ yẹn, ojú kan náà ló ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹ̀tàn lásán ni. Jai sì kú. Ó kú pátápátá. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó gbọ́ òfò rẹ̀, n kò sì lè ké, torí pé àwọn èèyàn ń wo fíìmù.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tí mo ń mú un bọ̀. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi fíìmù Yorùbá hàn. Saworoidẹ ti Túndé Kèlání, èyí tó jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Mo gbé fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀ ní ìlú Columbus ti gbọ́. Mọ́tò mẹ́fà ni wọ́n kó wá. Alhaja kan tó jẹ́ àgbà láàárín wa gbé kúlà méjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tó ń ka orí ní oúnjẹ kì í wọlé. Alhaja wò ó tàánú-tàánú, ó ní, "Ọmọ mi, ìpanu lèyí. Oúnjẹ wà nínú mọ́tò." Ó já pọfù-pọfù gbígbóná kan lé e lọ́wọ́, ọwọ́ tí ọmọ náà fi ń ka orí sì wá di ọwọ́ oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí iye wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò fi pé nínú ìwé wọn.

Iná kú. Ọ̀rọ̀ ò kú. Nígbà tí Lápitẹ́ ní òun ò gba gbẹ́rẹ́, tó fẹ́ jọba ní Jogbo láìjẹ́ kí àṣẹ ìlú wọ òun lára, Alhaja lanu: "Háà! Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é!" Àwọn tó kù gbè é. Nígbà tí wọ́n ń gé igbó Jogbo tà, ẹnìkan lẹ́yìn ń dárúkọ àwọn gómìnà ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n fi ṣèjọba. Bàbá Ọ̀pálábá á pòwe, ẹ̀rín á sọ láàárín wa, àwọn òyìnbó á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á kà á, wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rẹ́rìn-ín, nígbà tí àwa ti dé orí òmíràn. Àwọn òwe kan wà tí wọn ò rẹ́rìn-ín rárá, egungun nìkan ni ìtumọ̀ yẹn rí gbé dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí, ó dùn mọ́ mi. Láti ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn nínú ilé yẹn. Nígbà tí ìlù saworoidẹ dún níkẹyìn, tí adé bẹ̀rẹ̀ sí pa ẹni tó dé e, gbogbo wa ti wà lórí ìdúró: "Lù ú! Ọmọ Àyàn, lù ú dáadáa!" Mo yíjú, mo rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fi fíìmù sílẹ̀, àwa ni wọ́n ń wò.

Kò sí ẹni tó ṣe ṣìì. Ọmọ tó máa ń mú tọ́ọ̀ṣì kiri láti dá èèyàn lẹ́kun ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn fíìmù, ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé sí i lójú. Ó ní òun ti ń kọ́ni ní fíìmù bọ̀ tipẹ́, òun ò rí òǹwòran tó wà láàyè báyìí rí. Ó ní bó ṣe yẹ kí a máa wo fíìmù nìyí. Ó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo mi orí. Mo ti ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi!

Èyí ló mú kí n lérò pé mo ti gba ìwé àṣẹ.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, àwọn elédè Japan ló ni í. Tokyo Story, ti Yasujiro Ozu, 1953. Bàbá àgbà àti ìyá àgbà kan wọ ọkọ̀ ojúurin láti Onomichi lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Dókítà ni ọmọkùnrin, obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun. Kò sí ẹni tó ráyè. Ẹni kan ṣoṣo tó gba àyè níbi iṣẹ́, tó mú wọn jáde kí wọ́n lè rí ìlú, ìyàwó ọmọ wọn tó ti bá ogun lọ ni. Ọkọ ọmọbìnrin onírun yẹn ra àkàrà òyìnbó wálé fún àwọn àna rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin yìí sọ! Ó ní ó ti wọ́n jù fún wọn, pé bisikíìtì tó wọn. Ó sì mú àkàrà òyìnbó náà, ó jù ú sẹ́nu ara rẹ̀.

Mo rọ́jú. Ọlọ́run rí mi, mo rọ́jú. Wọ́n wá dáwó jọ, wọ́n fi àwọn arúgbó ránṣẹ́ sí ilé ìtura létí òkun ní Atami, kí wọ́n ṣáà lè kúrò níwájú wọn. Ariwo àwọn tó ń ṣe fàájì ò jẹ́ kí wọ́n fojú kan oorun. Wọ́n padà sí Tokyo láìròtẹ́lẹ̀, ọmọbìnrin yìí ní kí ló dé tí wọ́n tètè dé, òun fẹ́ ṣe ìpàdé nínú ilé.

Mo ti dìde. "Ìwọ ọmọ yìí! Ìyá tó bí ọ! Ìyá tó pọ̀n ọ́! Ìpàdé wo?" Mo rò pé ẹnìkan máa gbè é. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lórí ọ̀rọ̀ wa lóṣù méjì sẹ́yìn, òun náà wà níbẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì bà lé mi lójú. Ọmọ mọ́ínmọ́ín ni. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta." Mo wo ìyàwó mi. Ó ti di ará Japan, kò mọ̀ mí rí.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta fún wákàtí kan ó lé, òtútù ń fi mí ṣeré. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. A ò wọ mọ́tò, a fẹsẹ̀ rìn lọ sílé torí ilé ò jìnnà. N kò kí i. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìyá ńkọ́?"

"Ó kú."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́. Ó ní wọ́n délé ni ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ní dókítà àti ọmọbìnrin onírun, wọ́n ti di aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ ẹrù kí wọ́n tó kúrò nílé. Ó ní ọmọkùnrin kan tó wà ní Osaka ò bá a láyé. Mo ń dáhùn, ó ń sọ, mo ń pòṣé, mo ń dá a dúró bi í léèrè, ó ń padà sẹ́yìn láti ṣàlàyé. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú dé ni, wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ọmọbìnrin onírun bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀já ìgbàdí ìyá àti aṣọ rẹ̀ kan pé òun fẹ́ fi ṣe ìrántí.

"Lọ́jọ́ ìsìnkú?" Mo dúró gbagidi láàárín títì. "Lọ́jọ́ ìsìnkú gan-an! Ṣé kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ ni? Irú ọmọ wo nìyẹn? Ọmọ tó lé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtura torí ìpàdé!"

Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ó wá ní, "Bàbá Tìmí, ẹ rántí ìgbà tí Màmá wá láti Ìbàdàn? Ọ̀sẹ̀ yẹn tí wọ́n fún yín ní iṣẹ́ àfikún, tí èmi náà ń máàkì ìdánwò. Tí a fi Màmá sínú bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò, kí wọ́n lọ wo omi Niagara. Àwọn nìkan."

"Tiyẹn yàtọ̀."

"Wọ́n ní omi yẹn pariwo débi pé àwọn ò sùn mọ́jú..."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo wo àwọn ilé tó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, iná ti kú nínú gbogbo wọn.

"Ṣìììì," mo ní. "Ìyá Tìmí, dákẹ́. Àwọn èèyàn ti sùn."